Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther àti Iṣẹ́ Ìwàásù ní Èdè Yorùbá

Iṣẹ́ kan wà tí kì í tán: ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi. Bí oníwàásù ti parí ti ọ̀sẹ̀ yìí ni ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti dé. Ní àwọn ìjọ Áńgílíkà àti Kátólíìkì, títí kan èyí tó wà ní Festac Town àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ibi tó bá wu oníwàásù nínú Bíbélì ni à ń kà. Láti àkókò Bíbọ̀ Olúwa dé Kérésìmesì, láti Lẹ́ńtì dé Àjíǹde, títí dé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ Mẹ́talọ́kan, a ti yan Ìhìn Rere ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tó kù fún oníwàásù ni kí ó wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi yé ìjọ. Bí a bá sì ń sọ ìtàn iṣẹ́ yìí ní èdè wa, a kò lè ṣàì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú jó ìlú náà, wọ́n sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́rú. Ọwọ́ olówò kan bọ́ sí ti òmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825. Ní 1827 ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ní 1843 ni wọ́n fi í jẹ oyè àlùfáà ní London.

Ọjọ́ kejì tó padà dé Freetown, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 1843, ni ó ti gun àga ìwàásù. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ní àkókò Bíbọ̀ Olúwa ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú Lúùkù orí kẹrìnlá, nínú òwe àsè ńlá, níbi tí ìránṣẹ́ ti jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pé àyè ṣì kù. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ṣe ìwàásù náà.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ le. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kìíní, 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Freetown. Òun fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ orí kìíní Ìhìn Rere Lúùkù tí ó kà, ẹsẹ kẹtàdínlógójì dín méjì nínú orí kan náà ni ó sì fi ṣe ìwàásù. Ó kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè abínibí òun, ńṣe ló dà bí ẹni pé òun jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Nígbà tí ó súre tán, gbogbo ìjọ dáhùn lédè Yorùbá pé kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló mú kí èdè abínibí ṣòro fún ọmọ Òṣogùn? Kò sí ẹni tó ti la ọ̀nà náà sílẹ̀ fún un. Nítorí náà ni ó fi sọ wíwá ọ̀rọ̀ di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ó ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, ó ń wádìí àṣà tó bí ọ̀rọ̀, ó sì ń kó òwe jọ. Òwe pọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní 1852. Kò kórìíra ọ̀rọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ti mú wọ èdè wa. Àlùfáà, àdúrà, àní ìwàásù pàápàá, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá.

Ní oṣù Kìíní 1845 ni ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ìlú tí títì tó gba ẹ̀gbẹ́ Festac kọjá ń lọ lónìí. Ọ̀nà Abẹ́òkúta kò là fún wọn títí di 1846. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ tún fojú kanra lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní oṣù Kejì 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọmọ yìí lè fi wàásù, kí ni ìyá rẹ̀ ì bá gbọ́ níbẹ̀?

Ìwé Róòmù jáde ní 1850, Lúùkù ní 1851. Bíbélì odindi, tí àwọn mìíràn bá a lọ́wọ́ sí, jáde ní 1884. Láàárín ìgbà náà, ní 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó inú ẹgbẹ́ ajíyìnrere C.M.S. fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lágbègbè Odò Ọya, wọ́n sì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1890. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bíbélì náà lò ni àwọn ọ̀mọ̀wé gbà. Nínú rẹ̀, Èṣù ni a pe ẹni tó dán Jésù wò. Ní 1962, E. Bọ́lájí Ìdòwú ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè pé Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe Sátánì. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì bá dé, tí Ìhìn Rere ìdánwò bá sì tún kàn, ọ̀rọ̀ yìí wà níwájú oníwàásù. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò ba orúkọ ohun tí kò yé e jẹ́. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, yóò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ fún ìjọ.

Ibi tí ẹ̀kọ́ Crowther ti kàn wá gan-an nìyí. Ní Festac, ìlú tí a kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà ti 1977, onírúurú ẹ̀yà ló ń gbé pọ̀, kò sì yani lẹ́nu pé Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀ nínú ìsìn. Ṣùgbọ́n oníwàásù tó bá ka àlàyé Gẹ̀ẹ́sì lálẹ́ Sátidé, tí ó wá ń túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tí ì múra sílẹ̀. Ìwàásù Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ lórí àga. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú òwe àti nínú ìwádìí ọ̀rọ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ èdè Yorùbá ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó wá di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà kò tijú láti jókòó kọ́ ọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Kò yẹ kí ó ti àwa náà lójú.