Ta Ni Ó Ni Àwòrán? Ìtàn Napoleon Sarony, Ayàwòrán Àwọn Òṣèré

Kì í ṣe ohun àjèjì kí òṣèré orí ìtàgé ya àwòrán ara rẹ̀ kí ó tó wọ ìlú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹgbẹ́ eléré tó dé ni àwòrán wọn ti ń wà lára ògiri, tí tọmọdé tàgbà yóò máa nàka sí i. Ẹnì kan wà tí ó sọ irú àṣà yìí di iṣẹ́ ńlá ní ìlú New York, ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, tí ọ̀rọ̀ náà sì gbé e dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Napoleon Sarony ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Quebec ní ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1821. Bàbá rẹ̀ ti ṣe ọmọ-ogun rí, orúkọ ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé ni ó sì fi sọ ọmọ. Ọmọ náà kò jagun. Iṣẹ́ àwòrán ni ó gbá mú. Títẹ àwòrán láti ara òkúta ni ó kọ́kọ́ fi ń jẹun ní New York, kí ó tó kọjá sí ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí Oliver, arákùnrin rẹ̀, ti di gbajúmọ̀ ayàwòrán ní ìlú Scarborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun náà wọ inú iṣẹ́ fọ́tò, ó sì ṣí ìsọ̀ sí Birmingham.

Ibẹ̀ ni Adah Isaacs Menken ti wá bá a. Eré Mazeppa, níbi tí wọ́n ti ń de obìnrin yìí mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin lórí ìtàgé, ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kò sí ayàwòrán tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn rí, ó sì ní òun fúnra òun ni yóò yan bí òun yóò ti dúró. Sarony kò bá a jiyàn. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti ya mẹ́jọ ní ìlànà obìnrin náà, kí wọ́n sì ya mẹ́jọ mìíràn ní ìlànà Sarony. Nígbà tí àwòrán jáde, Menken kọ gbogbo èyí tí ó ṣètò fúnra rẹ̀, ó sì rọ̀ mọ́ ti Sarony. Sarony ni ó sọ ìtàn yìí, kò sì yani lẹ́nu pé òun ni ó jàre nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó padà sí New York, ó ṣí ilé-iṣẹ́ sí òpópónà Broadway. Ní ọdún 1871 ó kó lọ sí Union Square. Ọ̀nì gbígbẹ wà nínú ilé náà, òkú tí wọ́n fi aṣọ wé láti ilẹ̀ Íjíbítì wà níbẹ̀, àti aṣọ títa sára ògiri lóríṣiríṣi. Ọkùnrin kúkúrú ni Sarony, fìlà bí ti àwọn ará Tọ́kì sì ni ó fẹ́ràn láti máa dé.

Ní ìgbà náà, orí dígí tí wọ́n fi oògùn olómi pa ni wọ́n ń ya àwòrán sí. Ẹni tí wọ́n ń yà ní láti dúró bí ère fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, wọn a sì fi irin gbá orí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Abájọ tí ojú àwọn ènìyàn inú àwòrán àtijọ́ fi le koko. Àgbàlagbà Yorùbá tí ó bá lọ ya àwòrán a jókòó ṣinṣin, a tẹ́ agbádá rẹ̀ dáadáa, a gbé ọwọ́ lé orúnkún, a sì kọjú sí ẹ̀rọ, kí iyì rẹ̀ lè hàn. Ohun tí Sarony ń wá yàtọ̀ sí èyí: ó fẹ́ kí òṣèré wà nínú eré. Yóò rọ̀ ọ́, yóò pa á lẹ́rìn-ín, yóò ṣe àpẹẹrẹ fún un, títí ojú rẹ̀ yóò fi rí bí ó ti fẹ́. Kì í sábà fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rárá. Benjamin Richardson, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ni ó máa ń bá a ṣe èyí.

Àwọn ènìyàn ń ra àwòrán òṣèré lé orí páálí, wọ́n sì ń tò ó sínú ìwé bí ẹni ń to ìṣúra. Orúkọ Sarony a sì wà lára páálí náà. Nítorí ọjà yìí ni ó ṣe ń san owó fún àwọn òṣèré ńlá kí ó lè jẹ́ òun nìkan ni yóò yà wọ́n. Wọ́n ní ó san dọ́là 1,500 fún Sarah Bernhardt, àti 5,000 fún Lillie Langtry.

Ní oṣù kìíní ọdún 1882, Oscar Wilde dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 27 ni, orí ìtàgé ni ó sì ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀ nípa ẹwà káàkiri Amẹ́ríkà. Ó wọ ẹ̀wù àrán, ṣòkòtò orúnkún àti ìbọ̀sẹ̀ ṣẹ́dà, irun rẹ̀ gùn dé èjìká. Sarony yà á ju ogún ìgbà lọ. Nínú èyí tí wọ́n pè ní nọ́ńbà 18, Wilde jókòó, ó fi ọwọ́ kan ti orí, ó sì mú ìwé dání.

Kò pẹ́ tí ilé ìtẹ̀wé Burrow-Giles fi tẹ àwòrán yìí gan-an ní ẹ̀dà 85,000 láìgba àṣẹ. Sarony pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwíjàre wọn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà dáàbò bo ohun tí òǹkọ̀wé bá kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ya fọ́tò; ẹ̀rọ kò sì ronú, ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó kàn gbé jáde. Bí ilé-ẹjọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo ayàwòrán ni yóò pàdánù, ẹnikẹ́ni yóò sì lè kó iṣẹ́ wọn tà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1884 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá Sarony láre, ohùn àwọn adájọ́ sì ṣọ̀kan. Adájọ́ Samuel Miller kọ ọ́ pé Sarony ni ó yan ìjókòó, tí ó ṣètò aṣọ, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, tí ó sì fa ìrísí ojú náà jáde; nítorí náà òun ni ẹlẹ́dàá àwòrán. Dọ́là 610 péré ni owó tí ó já sí, kò tó ìdá mẹ́jọ èyí tí wọ́n ní ó san fún Langtry. Wọn kò sì pín nǹkan kan fún Wilde, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ni aṣọ, tí ó ni irun, tí ó sì ni ojú.

Sarony kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1896. Wilde wà nínú ẹ̀wọ̀n Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà. Otto, ọmọ Sarony, gba ilé-iṣẹ́ náà, orúkọ bàbá rẹ̀ sì ń bẹ lára páálí àwọn òṣèré lẹ́yìn tí ẹni tí ó ni ín ti lọ.