William Firth Wells, Ẹni tí ó Yẹ Afẹ́fẹ́ Inú Ilé Wò

Kí àlejò tó dé ọjà tí a ti ń pa ẹran, imú rẹ̀ yóò ti sọ fún un pé ibi tí àwọn alápatà wà ni òun ń lọ. Kò tíì rí màlúù, kò tíì rí ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n òórùn ẹran àti èéfín pọ̀nmọ́ tí a ń wì ti gun afẹ́fẹ́ wá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Kò sí ẹni tí yóò jiyàn pé afẹ́fẹ́ a máa gbé òórùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti àrùn, àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, ó sì gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí àwọn onímọ̀ tó fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ayé wọn wádìí ọ̀ràn náà ni William Firth Wells, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a bí Wells. Kì í ṣe oníṣègùn. Iṣẹ́ ẹnjiníà ìmọ́tótó ni ó kọ́, èyí tí í ṣe iṣẹ́ àwọn tí ń mójú tó omi mímu àti ẹ̀gbin ìlú kí àrùn má baà ti ibẹ̀ wá. Ní àwọn ọdún 1920, ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìpínlẹ̀ New York lórí bí a ṣe lè máa sin oyster, ẹ̀dá inú karawun kan tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa jẹ. Ọmọ oyster kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bá omi lọ. Wells lo ẹ̀rọ kan tí ń yí bí òkòtó láti yọ wọ́n kúrò nínú omi láìsọ wọ́n nù. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ nídìí ẹ̀rọ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tí Wells di olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni pé àrùn kì í sábà gba ojú afẹ́fẹ́ ran ènìyàn. Charles Chapin, gbajúmọ̀ oníṣègùn kan, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1910 pé ìfarakanra ni ewu tí ó tóbi jù. Chapin ní ìdí tirẹ̀, nítorí àwọn ará àtijọ́ ti di ẹ̀bi gbogbo àrùn ru afẹ́fẹ́ burúkú, ọ̀ràn kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Wells mọ̀ pé ẹni tí ó bá sọ pé ohun kan wà nínú afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ lè mú un jáde. Nítorí náà, ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá sínú ìgò gígùn tí ń yí kíákíá. Ó fi ohun kan tí ó dì bí ẹ̀kọ tútù tẹ́ inú ìgò náà, èyí tí ó jẹ́ oúnjẹ fún kòkòrò àrùn. Bí ìgò bá ti ń yí, àwọn kòkòrò inú afẹ́fẹ́ yóò fò lọ lẹ̀ mọ́ oúnjẹ yìí. Nígbà tí ó bá yá, wọn yóò pọ̀ sí i títí wọn yóò fi di àmì tí ojú lè rí, tí a sì lè kà.

Ní ọdún 1934, Wells gbé àlàyé pàtàkì kan jáde. Ẹ̀kán itọ́ tí ó bá tóbi yóò tètè já sílẹ̀ nítòsí ẹni tí ó wúkọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá kéré ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà yóò gbẹ kí ó tó délẹ̀. Ohun tí ó kù nínú rẹ̀, èyí tí kòkòrò àrùn lè wà nínú rẹ̀, fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa rìn káàkiri inú yàrá fún wákàtí púpọ̀. Bí a bá ń din ata nínú ilé tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, ẹni tí ó wà ní ìyẹ̀wù kejì yóò wúkọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé ìdí ààrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èémí ẹnìkan ṣe lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò súnmọ́ ọn.

Ó ku fáírọ́ọ̀sì, tí ó kéré ju àwọn kòkòrò ìyókù lọ, tí kì í sì í hù àfi nínú ohun alààyè. Ní ọdún 1936, Wells àti Harold Brown tú fáírọ́ọ̀sì àrùn influenza sínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì tún rí i mú jáde láti inú afẹ́fẹ́ náà. Wọ́n fi hàn pẹ̀lú pé ìmọ́lẹ̀ ultraviolet, tí ojú ènìyàn kò lè rí, a máa pa á.

Wells kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti bá ṣiṣẹ́. Àárín òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Harvard kò gún, ó sì kó lọ sí Philadelphia ní ọdún 1937. Níbẹ̀ ni òun àti aya rẹ̀ Mildred, tí í ṣe oníṣègùn, ti gbé iná ultraviolet sí òkè nínú àwọn kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí èéyi jà ní ọdún 1941, iye àwọn ọmọ tí ó mú nínú kíláàsì tí ó ní iná náà kéré gan-an sí iye àwọn tí ó mú níbi tí kò sí. Ayọ̀ ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n kò tọ́jọ́. Nígbà tí àwọn mìíràn dán irú rẹ̀ wò níbòmíràn, wọn kò rí èrè tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tí ó kúrò ní kíláàsì tún ń fún ara wọn mọ́ inú ọkọ̀ àti àwọn ibi ìpàdé mìíràn. Àwọn ènìyàn kò wo ìdí yìí dáadáa kí wọ́n tó kẹ̀yìn sí Wells. Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà.

Síbẹ̀ Wells kò sinmi. Ó kó gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1955. Lẹ́yìn náà, òun àti Richard Riley, oníṣègùn tí ó gba èrò rẹ̀ gbọ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Baltimore. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ láti inú yàrá mẹ́fà tí àwọn alárùn ikọ́ ife wà lọ sínú iyàrá mìíràn tí wọ́n kó guinea pig sí. Ẹran kékeré tí ó jọ ọmọ òyà ni guinea pig, ikọ́ ife a sì tètè mú un. Àwọn ẹran yìí kò fojú kan aláìsàn, wọn kò sì bá wọn jẹun pọ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀. Láàárín ọdún méjì, 71 nínú wọn ni àrùn náà ràn. Nígbà tí wọ́n tún fi ìmọ́lẹ̀ ultraviolet sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ń lọ bá apá kan nínú àwọn ẹran, àrùn kò ran àwọn wọ̀nyẹn. Báyìí ni a ṣe mọ̀ dájú pé ojú afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ife ń gbà.

Wells kú ní ọdún 1963. Àwọn oníṣègùn ikọ́ ife gba ẹ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn, ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni wọ́n ṣì dì mú. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, tí a ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà pa, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe ojú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà. Ní ọdún 2021 ni àjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà gbangba pé ó lè gba ibẹ̀. Lóde òní, ẹ̀rọ wà tí ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn onímọ̀ fi ń wá fáírọ́ọ̀sì kí àrùn tó tàn kálẹ̀. Ọmọ ìyá ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́ sí ìgò Wells tí ń yí bí òkòtó.

Lára iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni a ti rí i pé èémí tí atẹ́gùn ń fọ́n ká ní gbangba ọjà a máa kó ara rẹ̀ jọ nínú yàrá tí èrò kún, tí a sì ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ẹni tí ó bá ṣí fèrèsé kíláàsì rẹ̀ ní òwúrọ̀ ń ṣe ohun rere fún gbogbo ẹni tí ó bá a jókòó níbẹ̀, kò sì ná an ní kọ́bọ̀ kan.