Dáódù, Ọ̀gá Ilé-Ìwé Tí Kò Gba Gbẹ̀rẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ ni ó ti fi ayé sílẹ̀ tí a kò rántí orúkọ wọn mọ́. Ti Àlùfáà Ìsírẹ́lì Olúdọ̀tun Ransome-Kútì kò rí bẹ́ẹ̀. Dáódù ni àwọn ènìyàn ń pè é, orúkọ tí àwa Yorùbá fi ń pe ọmọkùnrin tí í ṣe àrólé bàbá rẹ̀. Bí a bá dárúkọ yìí létí àwọn tí ó kọ́ ní ìwé, ohun méjì ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn, èkíní ni pàṣán rẹ̀, èkejì ni òdodo rẹ̀. Báwo ni ó ṣe jẹ́ tí àwọn tí ó jẹ pàṣán ọkùnrin yìí fi ń fi ìfẹ́ dárúkọ rẹ̀? Ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ yóò dá wa lóhùn.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ọdún 1891 ni a bí i. Bàbá rẹ̀ ni Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kútì, àlùfáà tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àwọn orin ìyìn tí ó kọ ní èdè Yorùbá. Nígbà tí a ṣí Abeokuta Grammar School ní ọdún 1908, orúkọ Olúdọ̀tun ni ó kọ́kọ́ wọ ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé náà. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Fourah Bay College ní ilẹ̀ Sàró, ó sì gba oyè jáde ní ọdún 1916. Ó fi ọdún méjì ṣe olùkọ́ ní C.M.S. Grammar School ní Èkó. Ní ọdún 1918, nígbà tí ó di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School, ilé-ìwé tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó lò níbẹ̀. Ní ọdún 1932 ó padà sí Abẹ́òkúta, ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ sì wá di ọ̀gá ilé-ìwé kan náà.

Dáódù le bí ojú ẹja. Kò fẹ́ràn ọ̀lẹ, ó sì kórìíra irọ́. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ayé ìgbà náà. Bí ọmọ kan bá ṣẹ̀, kò ní kàn dédé fa pàṣán yọ. Yóò mú un dúró, yóò sì ní kí ó wí ti ẹnu rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ àwíjàre, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mọ́gbọ́n wá, lè bọ́ nínú ìyà. Ọmọ tí kò bá rí ọ̀rọ̀ gidi sọ yóò gba èrè iṣẹ́ rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí í ṣe ìbátan rẹ̀, tí ó sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀, kọ nípa àṣà yìí nínú ìwé rẹ̀ Aké, tí ó jáde ní ọdún 1981. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Dáódù kò fẹ́ jẹ́ àgbà òṣìkà, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé.

Kò sì yọ àwọn ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1925 ni ó gbé Fúnmiláyọ̀ Thomas níyàwó, ẹni tí ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí ó kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School ní ọdún 1914. Obìnrin kan àti ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n bí. Ojú kan náà tí Dáódù fi ń wo ọmọ ẹlòmíràn ni ó fi ń wo wọn. Nígbà tí Fẹlá di olórin ńlá, ó máa ń sọ bí bàbá àti ìyá òun ti ń na òun tó. Nípa èyí, kò sí ọmọ ilé-ìwé tí ó lè sọ pé ọ̀gá ń ṣe ojúsàájú.

Bí ó ti le sí ọmọ ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ó le sí ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́ olùkọ́ jẹ. Ní ọdún 1926 ó kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Láìpẹ́ ọ̀wọ́n owó bá gbogbo ayé, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn ìjọ tí ó ni ilé-ìwé dínkù, wọ́n sì ń gé owó oṣù àwọn olùkọ́. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè bá ìjọba tàbí ìjọ wí kí wọ́n gbọ́, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní oṣù Keje ọdún 1931, àwọn olùkọ́ pàdé ní Èkó, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní N.U.T. Dáódù ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́, ipò náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọdún 1954. Yálà ní Ẹdẹ ni olùkọ́ ń kọ́ni tàbí ní Calabar, ẹgbẹ́ yìí ni ó ń gbẹnu sọ fún un.

Ọkùnrin yìí kò bẹ̀rù aláṣẹ. Nígbà ìjọba àwọn Òyìnbó, ó ń kọjá lẹ́bàá àgọ́ àwọn ọmọ-ogun kan, kò sì ṣí fìlà fún àsíá wọn. Ọmọ-ogun kan lù ú nítorí èyí. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ láti bọ̀wọ̀ fún òfin kò gbà pé ó yẹ kí ènìyàn máa foríbalẹ̀ fún aṣọ tí a fi kọ́ igi. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lẹ́yìn láti kọ owó-orí, tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè fún ìgbà kan ní ọdún 1949, Dáódù kò bá a wí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó wà.

Ní ọdún 1943 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan, tí Walter Elliot jẹ́ alága rẹ̀, láti wádìí bí ẹ̀kọ́ gíga yóò ti rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Dáódù ni ọmọ Nàìjíríà tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ náà ní yunifásítì kan ṣoṣo tó fún gbogbo ilẹ̀ wọ̀nyí. Dáódù àti àwọn ọmọ Áfíríkà méjì yòókù bá àwọn tí ó pọ̀ jù fọwọ́ sí i pé kí Nàìjíríà, Gold Coast àti Sàró ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1948 ni University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ní ọdún 1954 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógójì tí ó ti ń ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Àìsàn kò jẹ́ kí ó gbádùn ìsinmi náà pẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, ọdún 1955.

Àwọn kan lónìí yóò sọ pé pàṣán rẹ̀ pọ̀ jù, a kò sì lè sọ pé wọ́n jayò pa. Ohun tí ayé ìgbà náà gbà láàyè kọ́ ni ayé ìsinsìnyí gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù nìkan ni ó fi kọ́ni, ojo ni ìbá tọ́ dàgbà. Ẹ wo àwọn ọmọkùnrin tí ó bí. Olíkóyè di dókítà, ó sì ṣe mínísítà ìlera láti ọdún 1985 sí 1992. Fẹlá fi orin bá àwọn ológun jà. Beko, tí òun náà jẹ́ dókítà, lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Kò sí ojo kankan nínú wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín. Pàṣán lè mú ọmọ dákẹ́ fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n òdodo ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ni ọmọ náà ń gbé lọ sílé. Dáódù mọ̀ pé ẹni tí yóò bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Nítorí náà ni a fi ń rántí rẹ̀ sí rere.