Ìwé Tí Àlùfáà Bayes Fi Sílẹ̀

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Gẹ́nẹ́sísì orí 8. Nóà wà nínú ọkọ̀, kò mọ bí omi ti fà tó. Ó rán àdàbà jáde, àdàbà kò ríbi bà lé, ó padà. Ó dúró fún ọjọ́ méje, ó tún rán an, ewé ólífì tútù wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó dé. Nígbà kẹta, kò padà mọ́. Ẹ kíyè sí i pé bí ẹ̀rí ti ń wọlé ni ìgbàgbọ́ Nóà nípa ilẹ̀ gbígbẹ ń lágbára sí i. Kò méfò, bẹ́ẹ̀ ni kò torí ewé kan ṣoṣo sáré jáde.

Àlùfáà kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ìṣirò ṣàlàyé irú ọgbọ́n yìí. Thomas Bayes lorúkọ rẹ̀. (Orúkọ àpọ́sítélì tó ní àfi kí òun fọwọ́ kan àpá náà ni, àbí ẹ ò rí nǹkan?) Nǹkan bí ọdún 1701 ni wọ́n bí i. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni Joshua baba rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sí lábẹ́ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, irú wọn kò sì lè gboyè ní Oxford tàbí Cambridge láyé ìgbà náà. Edinburgh ní Scotland ló lọ ní 1719. Lẹ́yìn náà ló di àlùfáà ìjọ Presbyterian ní Tunbridge Wells, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí di 1752.

Ó tẹ ìwé kan jáde ní 1731 lórí oore Ọlọ́run. Ní 1736 ó tẹ òmíràn, ó fi gbèjà ìṣirò Isaac Newton lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Berkeley. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìkankan nínú méjèèjì. Ní 1742, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní London, Royal Society, gbà á wọlé.

Iṣẹ́ tó mú kí ayé mọ̀ ọ́n kò jáde lójú ayé rẹ̀. Bí ẹ bá ju dáìsì lúdò, ó rọrùn láti ṣírò bí ó ti ṣeé ṣe tó kí 6 yọjú. Bayes yí ìbéèrè náà po: bí a bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀, tí ohun tó fà á pamọ́ ńkọ́? Ká ní wọ́n yí bọ́ọ̀lù kan sórí tábìlì, ẹ sì kẹ̀yìn sí i. Wọ́n wá ń yí òmíràn léraléra, wọ́n kàn ń sọ fún yín bóyá ó dúró lápá ọ̀tún tàbí òsì ti àkọ́kọ́. Bí 9 nínú 10 bá dúró lápá ọ̀tún, ẹ ó ti fura pé etí òsì ni àkọ́kọ́ wà. Bí ó bá di 90 nínú 100, ọkàn yín yóò balẹ̀ sí i. Bayes ṣírò bí ìbàlẹ̀ ọkàn náà ti gbọ́dọ̀ pọ̀ tó.

Ó kú ní April 7, 1761. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí Richard Price, àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bá wọn yẹ àwọn ìwé rẹ̀ wò. Lójú tèmi, Price yìí ló yẹ ká kí jù. Ó ṣàtúnṣe iṣẹ́ náà, ó fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, wọ́n sì kà á ní Royal Society ní December 23, 1763. Ó gbà pé yóò fi hàn pé ètò ayé yìí kì í ṣe èèṣì, pé Ẹlẹ́dàá ọlọ́gbọ́n wà. Ìwọ tí ò ń ka èyí ńkọ́? Iṣẹ́ ta ni kò parí tó wà lọ́wọ́ rẹ?

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Laplace, ṣàwárí ọ̀nà yìí fúnra rẹ̀ ní 1774. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Alan Turing lo irú rẹ̀ láti tú àṣírí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì. Lónìí, kọ̀ǹpútà ń fi í ya lẹ́tà ẹlẹ́tàn sọ́tọ̀.

Itẹ́ òkú Bunhill Fields ní London ni wọ́n sin Bayes sí. Ibẹ̀ náà ni John Bunyan wà, ẹni tí àwọn àgbà wa ka Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ rẹ̀, àti Isaac Watts tí à ń kọ orin rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Price náà kú ní 1791, ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ.