Alhaji Adégbénró àti Ìbò Ọdún 1965

Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Àpápá lọ sí Ajégúnlẹ̀ lónìí kò lè mọ̀ pé ní ọdún 1965, ààlà ìjọba méjì ni ó ń kọjá. Àpápá wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ajégúnlẹ̀ wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, tí a ń ṣe àkóso rẹ̀ láti Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ èbúté Àpápá tí ó ń sùn ní Ajégúnlẹ̀ wà lára àwọn tí ìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún náà kàn. Aṣíwájú ẹgbẹ́ UPGA nínú ìbò ọ̀hún ni Alhaji D. S. Adégbénró.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni; a bí i ní 1909. A kì í sábà dárúkọ rẹ̀ bí a ti ń dárúkọ Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, èyí kò sì tọ́ lójú tiwa. Ní oṣù karùn-ún 1962, àwọn aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà, Ọba Adéṣọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́ nípò, ó sì fi Adégbénró jẹ Pírẹ́mìà. Àga fò nínú Ilé Ìgbìmọ̀, ọlọ́pàá yin tajútajú, ìjọba àpapọ̀ sì gba àkóso. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Èkó dá Akíntọ́lá láre. Adégbénró gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jàre níbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1963. Kíá ni a tún òfin Ìwọ̀-Oòrùn ṣe, tí a sì mú kí agbára àtúnṣe náà padà sẹ́yìn dé 1960, kí ìdájọ́ náà lè di asán. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá yege ìdánwò tán, tí a wá yí ìbéèrè padà, kí ni ẹ ó pe irú rẹ̀?

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó dá a lẹ́bi nítorí ohun tí ó ṣe ní 1965. Àwọn olùdíje kan gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn wọlé, ṣùgbọ́n rédíò Ìbàdàn pe orúkọ ẹlòmíràn. Ìjọba ní ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ti Akíntọ́lá ni ó borí nínú ìjókòó 94. Adégbénró kéde pé UPGA ni ó wọlé, ó sì yan ìjọba tirẹ̀. Ọlọ́pàá mú un. Àṣìṣe ni ìkéde náà lójú wa, nítorí ìlú kò lè ní Pírẹ́mìà méjì. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ wo ni à bá ní kí ó lọ, ẹni tí ó ti jàre rí tí kò rí nǹkan kan gbà?

Iná ló tẹ̀lé e, ilé àti ènìyàn jóná, títí àwọn ológun fi dé ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966. Ní 1967, a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ ìjọba kan náà. Nígbà tí Adégbénró kú ní 1975, ológun ṣì ni ó wà lórí oyè, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ kò sì tíì tún rí àpótí ìbò tí wọn yóò fi yan ìjọba.