Auguste Rateau, ẹni tí ó fi èéfín gbígbóná ṣe agbára

Ní àgbègbè Adja-Ouèrè, láti Ikpinlè dé Massè, àwọn ìyá tí ń se epo pupa àti àwọn tí ń yan gàrí mọ ohun kan dájú. Kì í ṣe gbogbo ìgbóná iná ni ìkòkò ń gbà. Apá kan a mú ìkòkò gbóná, apá kejì a bá èéfín lọ sí ojú ọ̀run. Igi tí a fi orí rù wá láti oko, apá kan rẹ̀ ti di òfò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnì rí. Ẹni tí ọ̀pá èéfín alùpùpù bá ti jó ní ẹsẹ̀ rí kò nílò ẹlẹ́rìí. Nínú ìgbóná tí epo ń mú jáde nínú ẹ́ńjìnì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń bá èéfín jáde lọ. Ìtàn tí a mú wá lónìí jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wá ọ̀nà láti gba agbára padà lọ́wọ́ òfò yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Auguste Rateau.

Ìlú Royan, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni a ti bí i, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1863. Orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò. Ní ọdún 1881, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Polytechnique ní Paris. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ iṣẹ́ ìwakùsà, ó sì di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakùsà ní Saint-Étienne. Ní ìlú yẹn, àwọn ènìyàn ń wọ inú ilẹ̀ lọ láti wa èédú. Rateau ronú nípa ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nísàlẹ̀ kí wọ́n lè mí. Ibẹ̀ ni ó ti mọ ìwà atẹ́gùn àti ti àgbá kẹ̀kẹ́ tí ń yí.

Nígbà náà, oru omi gbígbóná ni ó ń ti ẹ̀rọ tí ń fa èédú jáde kúrò nínú kòtò. Bí oru náà bá ti ṣe iṣẹ́ tán, wọ́n a tú u dànù sí afẹ́fẹ́. Rateau rí i pé oru náà ṣì ní agbára. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà: ẹ̀rọ náà a ṣiṣẹ́ díẹ̀, a sì dúró díẹ̀, nítorí náà oru kò ń wá déédéé. Ó ṣe àgbá irin ńlá kan tí ń gba oru pamọ́ nígbà tí ó bá pọ̀, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbe omi òjò pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀. Oru tí àgbá náà tú sílẹ̀ ni ó ń yí tọ́bíìnì, èyí tí í ṣe àgbá kẹ̀kẹ́ tí ó ní abẹ̀bẹ̀ púpọ̀ létí. Ní ọdún 1902, iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ibi ìwakùsà Bruay, ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Ohun tí wọ́n ń dà nù wá di iná mànàmáná. Ní ọdún 1903, Rateau dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ogun ńlá àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914. Ogun náà kan ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ìjọba Faransé ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Dahomey lọ sí ojú ogun. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ilẹ̀ wọn kò jìnnà sí Adja-Ouèrè, kọ̀, wọ́n sì dìde sí ìjọba náà. Ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ òfuurufú ti di ohun ìjà. Awakọ̀ tí ó bá lè gòkè ju ọ̀tá rẹ̀ lọ ni ó ní ìrètí àtipadà sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ń mí bí ènìyàn. Bí a bá ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́. Ní òkè tí ó tó mítà 5.500, agbára ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kò ju ìdajì ti etí òkun lọ. Ẹ́ńjìnì tí ó ní agbára ẹṣin 300 nísàlẹ̀ a pàdánù nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ní òkè náà. Rateau ronú kan èéfín gbígbóná tí ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ní èrò náà: Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀ ní ọdún 1905. Ṣùgbọ́n Rateau ni ó mú un wọ inú ọkọ̀ òfuurufú, ní nǹkan bí ọdún 1917.

Àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín a fẹ́ lu èkínní, a sì máa yí i ju ìgbà 20.000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì a yí pẹ̀lú rẹ̀, a sì máa ki afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì. Ẹ̀rọ yìí ni a ń pè ní tọ́bò.

Ìgbóná kan náà tí ń fúnni ní agbára ni ó sì fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Èéfín náà lè gbóná ju ìwọ̀n 700 lọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 100 ni omi fi ń hó. Irin a pọ́n, a sì rọ̀. Àgbá kẹ̀kẹ́ tí ó rọ̀, tí ó sì ń sáré bẹ́ẹ̀, lè fọ́, kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì fò jáde bí ọta ìbọn. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà kojú rẹ̀. Èkínní, a ń wá irin tí ó le sí iná. Èkejì, a ń jẹ́ kí atẹ́gùn tútù òde fẹ́ sí ara ẹ̀rọ náà. Ẹ̀kẹta, a ń fi ìdérí kékeré kan sí i, tí ń tú èéfín tí ó bá pọ̀jù síta.

Irin ìgbà náà kò tíì le tó, ogun sì parí ní oṣù kọkànlá ọdún 1918 kí tọ́bò tó tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú. Ní ọdún 1918 kan náà, Sanford Moss dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò lórí òkè Pikes Peak ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 1920, ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó ní tọ́bò gòkè ju mítà 10.000 lọ. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, Académie des sciences, gba Rateau wọlé ní ọdún 1918. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1930, ní Neuilly-sur-Seine, lẹ́ni ọdún 66.

Ọkọ̀ òfuurufú ńlá tí ń balẹ̀ ní Cotonou lónìí ní tọ́bíìnì nínú. Ìgbóná ibẹ̀ lè ju èyí tí ń yọ́ irin rẹ̀ lọ. Ihò tín-tìn-tín tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá nínú abẹ̀bẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó yọ́. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé símẹ́ńtì láti Onigbolo ní tọ́bò. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tí ó gbọ́n kì í fi pa ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́yìn ìrìn líle. A jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí tọ́bò lè tutù.

Ohun tí a rí kọ́ nínú ayé Rateau kò ṣòro. Kí a tó da ohun kan nù, ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa bóyá agbára ṣì kù nínú rẹ̀. Bí agbára bá sì wà, ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù mú un, nítorí iná tí ń sebẹ̀ náà ni í jólé.