John Henry Smythe (1915–1996): Láti Ojú Ogun dé Ilé Ẹjọ́

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ja Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí wọ́n lọ sí Bọ́mà ni a sábà máa ń rántí. Àwọn tí wọ́n jà ní òfurufú kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni John Henry Smythe.

Freetown ni a bí i sí ní 1915, ìlú tí Àjàyí Crowther ti kàwé, tí ọ̀pọ̀ Sàró sì ti padà wá sí Èkó. Nígbà ogun, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ atọ́nà ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n kọ́ ọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1943, wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ wọn ní ilẹ̀ Jámánì. Tọgbẹ́tọgbẹ́ ni ó fi bọ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì mú un. Àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ó wà ní Barth ni ó wà títí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi dé ní oṣù Karùn-ún, 1945.

Bí a kò bá kú, ìṣe kò tán. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe alábòójútó àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú. Bí a bá fẹ̀sùn kan èyíkéyìí nínú wọn ní ilé ẹjọ́ ológun, òun ni ó ń gba ẹjọ́ wọn rò. Ní 1948, ó bá ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush lọ sí Jàmáíkà láti dá àwọn ọmọ ogun padà sílé. Nígbà tí ó rí i pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀, ó gba ìjọba níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tí ó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà wá. Ìrìn àjò náà di mánigbàgbé nínú ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀.

Smythe kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà sílé, ó sì di Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba Sàró. Ó máa ń sọ bí òun àti aṣojú ilẹ̀ Jámánì kan ṣe pàdé níbi àpèjẹ ní Freetown. Awakọ̀ òfurufú ni ọkùnrin yìí nígbà ogun. Wọ́n fi ọjọ́ àti ibi wéra, wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni ó já ọkọ̀ Smythe lulẹ̀. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kú sí ní 1996, lẹ́yìn tí ó ti jẹ́rìí ogun náà fún àwọn onítàn. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, kí wọ́n lè mọ̀ pé akin ojú ogun lè jẹ́ alágbàwí àti ẹni tí ó lè darí jì.